Ọ̀fẹ́ Ni Tàbí Olè? Orin àti Fíìmù Tí Ó Wà Nínú Fóònù Wa

Bí a bá rí ọmọdé kan tí ó na ọwọ́ sí àtẹ ìyá ẹlẹ́pà, tí ó bu ẹ̀pà sápò láìsan kọ́bọ̀, a ó pariwo lé e lórí. Ìyá rẹ̀ yóò mú un padà lọ sí ìdí àtẹ náà, yóò ní kí ó kúnlẹ̀, kí ó tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá dé ilé pẹ̀lú fóònù tí ó kún fún ọgọ́rùn-ún orin àti fíìmù mẹ́wàá, tí kò sì sí ẹni tí ó sanwó fún ọ̀kankan nínú wọn, kí ni a máa ń sọ? Ọ̀pọ̀ wa yóò ní kí ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù tiwa náà.

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní ibùdókọ̀ àti ní ẹnu ọ̀nà ọjà, àwọn ọ̀dọ́ máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń kó orin àti fíìmù sínú mẹ́mórì káàdì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́. Lórí WhatsApp àti Telegram, fíìmù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé sinimá lè ti máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Orin ìyìn wà nínú rẹ̀, ìwàásù wà nínú rẹ̀, ìwé àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run pàápàá wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ní olè jíjà ni. Àwọn kan ní kò sí olè níbẹ̀ rárá, nítorí pé ẹni tí ó ni orin náà ṣì ní i lọ́wọ́. Èwo ni ká gbà gbọ́?

LÁTI INÚ ÀWO DÉ INÚ FÓÒNÙ

Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ẹni tí ó jẹ́ bàbá bàbá Fẹlá, wà ní London, ó sì kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Orin tí ó kọ níbẹ̀ lé ní 40. Láyé ìgbà náà, kò sí bí ẹni tí ó ra àwo ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe òmíràn nínú ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ yóò ra tirẹ̀, tàbí kí ó lọ jókòó sí ilé ẹni tí ó ní giramafóònù.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní ọdún 1963, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Nígbà tí ó fi máa di àárín ọdún 1980 sí 1990, ta ni kò mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì méjì kọ orin láti inú ọ̀kan sínú èkejì? Fídíò tẹ̀ lé e, síídì tẹ̀ lé fídíò, ọjà Alábà ní Èkó sì di ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún fíìmù, àti ojúlówó àti ayédèrú. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń ṣe ayédèrú ìgbà náà gbọ́dọ̀ ra kásẹ́ẹ̀tì òfìfo, kí ó ra ẹ̀rọ, kí ó sì gbé ọjà kiri. Bí wọ́n bá sì ti ń kọ ọ́ láti inú ọ̀kan sínú òmíràn ni ohùn orin náà ń bàjẹ́ sí i.

Íntánẹ́ẹ̀tì mú gbogbo ìdènà wọ̀nyẹn kúrò. Ní ọdún 1999, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ó ń jẹ́ Shawn Fanning gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní Napster jáde. Ètò yìí jẹ́ kí ẹni tí ó jókòó sílé rẹ̀ lè mú orin láti inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tí kò mọ̀ rí. Kò pẹ́ tí àwọn tí ó ń lò ó fi di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ń gbé orin jáde pè é lẹ́jọ́, wọ́n jàre, Napster sì kógbá sílé ní oṣù Keje ọdún 2001. Ṣùgbọ́n àṣà náà kò bá a kógbá sílé. Orin tí ó wà lórí fóònù kì í gbó bó ti wù kí a kọ ọ́ tó, kò sì ná ẹni tí ó ń fi ránṣẹ́ ní nǹkan kan ju dátà lọ. Ẹnì kan ṣoṣo lè fi fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú.

OWÓ TA NI A Ń JẸ?

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní orin tuntun kan wá sí i lọ́kàn, ó sì fẹ́ gbé e jáde. Yóò wá ẹni tí yóò tẹ dùùrù, yóò wá onígìtá, onílù àti àwọn tí yóò máa gbè é. Yóò san owó sítúdíò, yóò sì san owó ẹni tí yóò to ohùn gbogbo wọn pọ̀ kí ó lè dùn gbọ́. Bí ó bá tún fẹ́ fídíò, owó kámẹ́rà ń bẹ, owó aṣọ ń bẹ, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ń bẹ. Gbogbo owó yìí ni yóò ti jáde lápò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orin náà. Ó lè jẹ́ owó àjọ ni ó fi ṣe é, ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ni ó yá a.

Báwo ni owó náà yóò ṣe padà sọ́wọ́ rẹ̀? Tẹ́lẹ̀ rí, láti ara kásẹ́ẹ̀tì àti síídì ni. Lónìí, bí ènìyàn bá gbọ́ orin náà lórí àwọn ìkànnì bíi Spotify, Boomplay tàbí Audiomack, owó díẹ̀ ń wọlé fún olórin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an kí ó tó di owó gidi. Lórí YouTube, ìpolówó ọjà tí ó ń jáde ṣáájú fídíò tàbí láàárín rẹ̀ ni ó ń mú owó wá, ilé iṣẹ́ YouTube àti ẹni tí ó ni ìkànnì yóò sì pín in. Bí ẹlòmíràn bá wá gbé orin náà sórí ìkànnì ara rẹ̀, tàbí tí a bá ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp, àwọn ènìyàn yóò gbọ́ ọ, wọn yóò sì jó sí i. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kan kò ní dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yẹn, gbèsè sítúdíò yóò sì wà níbẹ̀ bí ó ti wà.

Ní ti fíìmù, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ nílé sinimá ni ọ̀pọ̀ owó máa ń wọlé. Ní ọdún 2014, Kúnlé Afọláyan gbé fíìmù October 1 jáde, èyí tí ìròyìn ìgbà náà sọ pé ó ná an tó mílíọ̀nù 2 dọ́là. Kò pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ fi ké jáde pé ayédèrú fíìmù náà ti gba ìgboro. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Tóyìn Abraham gbé fíìmù Malaika dé ilé sinimá. Nígbà tí a wọ oṣù Kìíní ọdún 2024, ó ti ń fi omijé sọ fún gbogbo ayé pé wọ́n ti jí fíìmù òun, wọ́n sì ń pín in kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

A lè máa rò pé olówó ni àwọn tí àwòrán wọn wà lójú pátákó, pé kò sí ohun tí ó máa ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí orúkọ wọn máa ń yára kọjá nígbà tí fíìmù bá parí: ẹni tí ó rán aṣọ, ẹni tí ó ń gbé iná, ẹni tí ó ń kun ojú àwọn òṣèré, awakọ̀, ẹni tí ó ń se oúnjẹ. Bí fíìmù kan kò bá pa owó rẹ̀, ẹni tí ó ṣe é kò ní lè ṣe òmíràn. Àwọn tí a dárúkọ yìí ni iṣẹ́ sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Irú wọn wà nínú ìjọ wa. Láti ara iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti ń san owó ilé ìwé ọmọ.

ÀWÍJÀRE TÍ A MÁA Ń GBỌ́

Kò yẹ kí a dá ẹjọ́ láìgbọ́ tẹnu ìhà kejì. Àwọn tí ó ń gbèjà àṣà yìí ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹ sì jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, wọ́n ní ó ti wọ́n jù, kò sì sí nítòsí. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ìlú wa ni kò ní ilé sinimá, owó oúnjẹ sì ti tó ìnira fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Ìtàn pàápàá jẹ́rìí sí i pé bí ọ̀nà ẹ̀tọ́ bá rọrùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò gbà á. Ní Amẹ́ríkà, owó tí orin mú wọlé ní ọdún 1999 tó bílíọ̀nù 14.6 dọ́là. Ní ọdún 2014, kò tó bílíọ̀nù 7 mọ́. Olè nìkan kọ́ ni ó fà á. Ní ọdún 2003 ni ilé iṣẹ́ Apple ṣí ilé ìtajà orin tí wọ́n pè ní iTunes, tí wọ́n ń ta orin ẹyọ kan ní sẹ́ǹtì 99, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì ra odidi àwo mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìkànnì bíi Spotify, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Sweden ní ọdún 2008, wá jẹ́ kí ènìyàn san owó díẹ̀ lóṣooṣù, tàbí kí ó fara da ìpolówó ọjà, kí ó sì máa gbọ́ orin tí ó bá wù ú. Ní ọdún 2023, owó náà ti kọjá bílíọ̀nù 17, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dọ́là ọdún 1999 ra ọjà ju ti ìsinsìnyí lọ. Àwọn tí ó ń ta orin àti fíìmù ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ nínú èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n ọjà kò sọ olè di ẹ̀tọ́. Bí ẹran bá wọ́n, ẹ̀wà ni a ó jẹ. A kò ní torí ẹ̀ lọ já ilẹ̀kùn alápatà lóru.

Èkejì, wọ́n ní ìpolówó ni a ń bá a ṣe. Èyí náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Láti ọdún 1992 tí Living in Bondage ti jáde, ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí ó gbé fíìmù Nàìjíríà dé àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn àti ilé àwọn ènìyàn wa ní London. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wo ayédèrú ni ìbá sanwó ká ní kò rí i. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí iye wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ polówó ọjà fún ọlọ́jà yóò kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Òkìkí kì í sì í san gbèsè báǹkì.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní olórin ṣì ní orin rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó, tí ó bọ́ sílẹ̀ láìsanwó, ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ awakọ̀. Epo rẹ̀, àkókò rẹ̀ àti làálàá rẹ̀ ni ẹni náà jẹ.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n ní, “Èmi kọ́ ni mo jí i, wọ́n kàn fi ránṣẹ́ sí mi ni.” Àwọn baba wa ti dáhùn èyí kí fóònù tó dé. Wọ́n ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un.

“ỌRỌ̀ ỌLỌ́RUN NI, A KÌ Í TÀ Á”

Àwíjàre kan wà tí ó jẹ́ tàwa onígbàgbọ́ nìkan. A máa ń sọ pé ohun tí Ọlọ́run fi fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀fẹ́ ni kí a fi fún ẹlòmíràn, a ó sì tọ́ka sí Mátíù orí 10, ẹsẹ 8. Ẹ jẹ́ kí a má ṣe dúró níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kà á dé ẹsẹ 10. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà tí Jésù ń bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ, ó ní ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀bùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a sọ fún pé kí ó fúnni. Kò sí ibi tí a ti sọ fún ẹni tí ó ń gbà pé kí ó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀fẹ́ àti olè nìyí: ọwọ́ ta ni ó ti wá? Láti ọdún 1985 ni Mike Bámilóyè àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní Mount Zion ti ń fi eré ṣe ìwàásù. Lónìí, ọ̀pọ̀ fíìmù wọn wà lórí ìkànnì tiwọn lórí YouTube, tí ẹnikẹ́ni lè wò láìsanwó. Ẹ̀bùn gidi nìyẹn, nítorí àwọn tí ó ni ín ni ó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ sórí ìkànnì ara rẹ̀ láìgbàṣẹ, kí ó lè máa gba owó ìpolówó lórí rẹ̀, a kò lè pe tirẹ̀ ní ẹ̀bùn. A kì í fi ohun olóhun tọrẹ.

Ẹ rántí Dáfídì Ọba pẹ̀lú, nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 24. Áráúnà fẹ́ yọ̀ǹda ilẹ̀ ìpakà rẹ̀ àti màlúù rẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi rúbọ. Ọba kọ̀. Ó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan sin Olúwa, ó sì san 50 ṣékélì fàdákà. Olóhun tilẹ̀ ti yọ̀ǹda tirẹ̀, síbẹ̀ Dáfídì sanwó. Báwo ni àwa yóò ṣe fi ohun tí olóhun kò yọ̀ǹda rárá yin Ọlọ́run lójú pẹpẹ?

ỌRỌ̀ NÁÀ KAN ILÉ ÌJỌSÌN

Kì í ṣe àwọn ọmọ ìta nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ní ọdún 1976, ilé iṣẹ́ kan tí ó ń tẹ orin ìsìn jáde, F.E.L. Publications, pe ìjọ Kátólíìkì ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà lẹ́jọ́, nítorí pé àwọn ìjọ abẹ́ rẹ̀ ń ṣe àdàkọ orin wọn sínú ìwé orin tiwọn láìgbàṣẹ. Ní ọdún 1984, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní kí ìjọ náà san owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 3 dọ́là. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé apá tí ó pọ̀ jù nínú owó náà ní ọdún 1985, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ ti ta ọ̀pọ̀ ìjọ jí. Howard Rachinski, tí ó jẹ́ olórí akọrin ní ìjọ kan ní ìlú Portland, wá ọ̀nà tí yóò tẹ́ tọ̀tún tòsì lọ́rùn. Ètò tí ó dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 ni a mọ̀ sí CCLI: ìjọ kọ̀ọ̀kan yóò san owó kan lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí ó ti tóbi tó, yóò sì máa jábọ̀ orin tí ó lò, kí owó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kọ wọ́n.

Èso irú ètò bẹ́ẹ̀ ti kan ọmọ Nàìjíríà. Ní ìparí ọdún 2015 ni Sinach gbé orin Way Maker jáde. Àwọn olórin ní Amẹ́ríkà gbé e kọ, àìmọye ìjọ káàkiri ayé sì ń kọ ọ́. Ní ọdún 2020, ó gba àmì ẹ̀yẹ Orin Ọdún níbi ètò Dove Awards. Orin náà rìn jìnnà, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ bá a rìn. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí fún gbogbo olórin nìyẹn.

Ní orílẹ̀-èdè wa, òfin ọdún 1988 ni ó ti ń dáàbò bo iṣẹ́ àwọn olórin, òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ fíìmù. Òfin tuntun, Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ti rọ́pò rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa íntánẹ́ẹ̀tì ní pàtó: ẹni tí wọ́n bá jí iṣẹ́ rẹ̀ lè kọ̀wé pé kí ìkànnì tí ó wà yọ ọ́ kúrò. Ó tún fi àyè sílẹ̀ fún ìwádìí, fún ẹ̀kọ́ àti fún àwọn tí kò ríran láti ka ìwé. Àjọ Nigerian Copyright Commission ni ó wà fún ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ kò sí ọlọ́pàá tí ó lè dúró ti fóònù kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé ni a ti lè ṣe é.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ ÀTI ÌJỌ LÈ ṢE

1. Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ yín, kí ẹ jọ wo ohun tí ó wà nínú fóònù, bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù bàbá àti ìyá. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó: “Ta ni ó fún wa?”

2. Bí orin tàbí fíìmù kan bá dùn mọ́ yín, ẹ fi líǹkì tí ó lọ sí ìkànnì olóhun ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín, ẹ má ṣe fi orin náà gan-an ránṣẹ́. Dátà tí ẹ ó fi wò ó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n olóhun yóò rí èrè rẹ̀.

3. Ẹ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìnáwó ilé, bí ó tilẹ̀ kéré, fún ojúlówó ìwé, orin tàbí fíìmù kan. Bí kò bá sí owó, rédíò ń bẹ, àwọn ohun tí olóhun yọ̀ǹda ń bẹ. Ẹ sì lè yá ojúlówó ìwé tàbí síídì lọ́wọ́ ará. Yíyá yàtọ̀ sí ṣíṣe àdàkọ.

4. Ẹ̀yin aṣáájú, ẹ jẹ́ kí orúkọ ẹni tí ó kọ orin hàn nígbà tí ẹ bá ń lò ó. Kí ìjọ tó gba orin ẹlòmíràn sílẹ̀ láti tà tàbí láti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ.

5. Ẹ̀yin olórin àti oníṣẹ́ fíìmù, bí ẹ bá fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ jẹ́ kí ó rọrùn láti rí rà. Kí ẹ sì san owó onílù àti onígìtá tí ó bá yín ṣiṣẹ́, nítorí igbe àwọn náà ń dé ọ̀run.

Ọmọbìnrin tí orin wà nínú rẹ̀ lè wà láàárín àwọn akọrin tí yóò dìde níwájú wa ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀. Bóyá yóò kọ orin kejì, ọwọ́ wa ni ó kù sí. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ó mọ ohun tí í ṣe ti ẹlòmíràn, kí ó sì bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo àwọn tí ó ń fi ẹ̀bùn wọn sìn ín. Àmín.